Yunifọ́ọ̀mù Ilé-Ìwé: Ohun Tí Àwọn Òbí Ń Béèrè, àti Ìdáhùn

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń wọlé bọ̀, ọ̀rọ̀ yunifọ́ọ̀mù ló máa ń gba ẹnu àwọn òbí. Ti ọdún tó kọjá ti há mọ́ ọmọ lára, aṣọ ti gbówó lórí, tàbí kí ilé-ìwé ṣàdéédé pààrọ̀ àwọ̀ láì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ ni mo kó jọ síhìn-ín. N kò ní fi èrò mi pamọ́: mo fara mọ́ ọn kí ọmọ máa wọ yunifọ́ọ̀mù, àmọ́ kí wọ́n tìtorí aṣọ lé ọmọ jáde ní kíláàsì, n kò fara mọ́ ìyẹn rárá.

Ṣé òfin Nàìjíríà ló ní kí ọmọ máa wọ yunifọ́ọ̀mù?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò dárúkọ yunifọ́ọ̀mù níbì kankan. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń pinnu ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba yóò wọ̀, àwọn ilé-ìwé aládàáni sì ń ṣe tiwọn bó ṣe wù wọ́n. Òfin tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù ni òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí UBE. Ó ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì gbọdọ̀ jẹ́ dandan. Ó wá ka àwọn ohun tí wọn kò gbọdọ̀ gbowó lé lórí: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Yunifọ́ọ̀mù kò sí lára wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: ìjọba ní kí ọmọ wá lọ́fẹ̀ẹ́, ilé-ìwé ní kò gbọdọ̀ wọlé láìsí aṣọ, owó aṣọ náà sì wà lọ́rùn òbí.

Ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa?

Àwọn míṣọ́nnárì ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní Àgbádárìgì láàárín ọdún 1840 sí 1850, CMS Grammar School sì ṣí ní Èkó ní 1859. Gbogbo ìlànà ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó bọ̀: agogo, ìlà títò, orin ìsìn òwúrọ̀, aṣọ kan náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé aṣọ ọmọ tálákà ni yunifọ́ọ̀mù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀rẹ̀. Ní 1552 ni wọ́n dá ilé-ìwé Christ's Hospital sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ọmọ aláìní, wọ́n sì wọ kóòtù búlúù gígùn sí wọn lọ́rùn. Títí dòní ni àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ṣì ń wọ irú kóòtù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni àwọn ilé-ìwé olówó gba àṣà náà, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ohun fáàrí. Ìgbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, àmì ọ̀làjú ló ti dà.

Kò ṣòro fún wa láti gbà á, nítorí ànkóò kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹbí tàbí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ òun lóde á dá aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí kò bá rówó ra aṣọ ẹbí ṣì ń jẹun níbi ìnáwó náà, bí àwo rẹ̀ tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Wọn kì í lé e síta.

Wọ́n ní kì í jẹ́ kí á mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Ṣé òótọ́ ni?

Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ dúró sẹ́nu géètì ilé-ìwé ìjọba kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ti ẹnì kan funfun báláú, ti ẹnì kejì ti pọ́n nítorí omi kànga tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Télọ̀ ti yí kọ́là ẹnì kan padà kí ibi tó gbó lè wà nísàlẹ̀. Sáńdà ọmọ kan ti bá ṣúmẹ́kà pàdé tó bẹ́ẹ̀ tí òwú rẹ̀ fi pọ̀ ju awọ lọ. Ọmọ tó ní ẹyọ kan ṣoṣo á fọ̀ ọ́ bó bá ti dé láti ilé-ìwé, á sá a sójú fèrèsé, bó bá sì jẹ́ ìgbà òjò, tútù ni yóò wọ̀ ọ́ lọ sí àsẹ́ńbìlì lọ́jọ́ kejì. Ojú ọmọdé mú. Wọ́n mọ ẹni tó ní mẹ́ta àti ẹni tó ní ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n ẹ tún lọ wo ilé-ìwé yẹn kan náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n wọ aṣọ ilé wá, níparí sáà. Àwọn kan kì í yọjú. Kò rẹ̀ wọ́n, aṣọ tí wọ́n máa fi ṣe yanga ni kò sí. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, yunifọ́ọ̀mù kò bo òṣì mọ́lẹ̀, ó kàn sọ ìdíje ojoojúmọ́ di ti ẹ̀ẹ̀kan ní sáà ni. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré fún ìyá tó bí mẹ́rin. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀wé sí i?

Àwọn tó wádìí rẹ̀ dáadáa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Long Beach ní Kalifóníà sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní 1994, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní ìwà ipá ti dín kù. Ààrẹ Clinton gbé ọ̀rọ̀ náà sókè nínú ọ̀rọ̀ tó bá orílẹ̀-èdè sọ ní oṣù Kìíní 1996. Ariwo ta. Nígbà tó di 1998, àwọn onímọ̀ méjì, David Brunsma àti Kerry Ann Rockquemore, fi àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé káàkiri Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, wọn kò sì rí i pé aṣọ lásán mú kí ọmọ máa wá sílé-ìwé déédéé tàbí kó tún ìwà rẹ̀ ṣe. Àwọn ìlú tó mú yunifọ́ọ̀mù wọlé tún máa ń ṣe àwọn nǹkan mìíràn lákòókò kan náà. Ta ló wá mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn?

Ti Kẹ́ńyà ló yẹ kó jẹ wá lógún jù, nítorí tiwa ló jọ. Láti 2003, Esther Duflo, Pascaline Dupas àti Michael Kremer ṣe ìdánwò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 328 ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní yunifọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn kan lára ilé-ìwé wọ̀nyẹn, wọn kò fún wọn ní àwọn yòókù. Níbi tí wọ́n ti fún wọn, iye ọmọ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ dín kù, iye ọmọbìnrin tó lóyún ní kékeré náà sì dín kù. Ìwádìí mìíràn ní Kẹ́ńyà bákan náà rí i pé ọmọ tí wọ́n fún ní aṣọ kì í pa ilé-ìwé jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, kíláàsì tí wọ́n kà dé kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Àwọn kan máa ń fi èyí yin yunifọ́ọ̀mù. Èmi ò kà á bẹ́ẹ̀. Owó aṣọ ló ń dí àwọn ọmọ yẹn lọ́nà látilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ìdíwọ́ tí ìlànà aṣọ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni wọ́n mú kúrò.

Wọ́n lé ọmọ mi padà sílé nítorí pé kò ní yunifọ́ọ̀mù. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Kò yẹ. Òfin UBE tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní òbí tó bá kọ̀ láti rán ọmọ lọ sílé-ìwé ń ṣẹ̀ sófin. Lẹ́ẹ̀kínní, ìbáwí ni wọ́n á fún un. Bí ilé-ẹjọ́ bá tún dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan ni, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ wá wò ó: ìjọba lè mú ìyá ọmọ nítorí pé ọmọ wà nílé, olùkọ́ tí ìjọba kan náà ń sanwó fún ló sì dá ọmọ náà padà sílé. Ta ni ká mú?

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ máa sọ. Wọ́n ní bí àwọn kò bá fọwọ́ líle mú un, àwọn òbí tó lówó lọ́wọ́ gan-an á máa fi falẹ̀ títí sáà á fi parí. Òótọ́ ni, mo ti rí irú wọn. Àmọ́ òbí ni kí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ọmọ kọ́ ló ń gba owó oṣù.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí i yín, ẹ má fi ìbínú lọ. Ẹ mú ọmọ náà dání, ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ tó mọ́, tó sún mọ́ àwọ̀ ilé-ìwé, kí ẹ sì lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kí wọ́n tó lu agogo. “Ẹ káàárọ̀ Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wọlé. Aṣọ wà lọ́dọ̀ télọ̀, bó bá di ìparí oṣù, á ti dé.” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa gbà bí ẹ bá dá ọjọ́. Bí kò bá gbà, ẹ bá alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sọ ọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Kí ló dé tí ti ilé-ìwé aládàáni fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tà á. Ẹ wo ìwé tí wọ́n máa ń fún òbí tuntun: yunifọ́ọ̀mù méjì, aṣọ eré ìdárayá, aṣọ ọjọ́ Ẹtì, kádígàn, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé sí. Ìbọ̀sẹ̀! Ọ́fíìsì ilé-ìwé nìkan ni wọ́n sì ti lè rà á. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń wá ṣẹ́ẹ̀kì tí kò sí lọ́jà, kí télọ̀ àdúgbò má baà rí irú rẹ̀ rà. Ọdún mẹ́ta sí i, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n kò sì ní wúlò fún àbúrò mọ́.

Ìyà yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ariwo rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí ilé aṣòfin fi ṣe òfin kan ní 2021 lórí iye tí yunifọ́ọ̀mù ń náni. Ìlànà tó tẹ̀lé e ní kí àwọn ilé-ìwé dín aṣọ tó ní àmì ilé-ìwé lára kù, kí wọ́n má kàn fún ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo láṣẹ láti máa tà á lọ láìsí ìfigagbága, kí wọ́n sì jẹ́ kí òbí rí àlòkù rà. Àwọn ará wa tó wà ní Peckham àti Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù lè ràn yín létí bí ọ̀rọ̀ bílésà, ìyẹn kóòtù ilé-ìwé, ṣe ń dun àpò.

Ohun tí mo rò pé ó bójú mu ni pé kí ilé-ìwé máa ta báàjì nìkan. Kí ó sọ àwọ̀, kí ó sọ irú rírán, kí òbí sì lọ ra aṣọ níbi tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ilé-ìwé tó bá ní àfi ti ọwọ́ òun, kó jẹ́wọ́ pé ọjà ni òun ń tà.

Ọ̀ṣun ṣe aṣọ kan fún gbogbo ilé-ìwé ìjọba nígbà kan. Kí ló dé tí kò fi dúró?

Nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni. Láti nǹkan bí 2013, wọ́n tún ilé-ìwé pín sí oríṣi mẹ́ta, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti òkè. Wọ́n da àwọn kan pọ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ náà máa wọ irú aṣọ kan náà. Ilé iṣẹ́ aránṣọ kan tó wà ní Òṣogbo ni wọ́n ti ń rán ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní ti owó, èrò yẹn dára. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣí láti Ìkìrun lọ sí Ẹdẹ kò ní ra aṣọ mìíràn. Aṣọ ẹ̀gbọ́n á bá àbúrò mu, ilé-ìwé yòówù kó máa lọ. Ọjà á pọ̀ sí i fún ẹni tó ń rán an, nítorí náà ó yẹ kí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé. Àwọn àgbà tó ti jáde láti ogún, ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni. Ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ànkóò lọ́jọ́ àyájọ́ ilé-ìwé, òun ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Bí ìjọba ṣe pa á rẹ́ tó sì tún da ilé-ìwé wọn pọ̀ mọ́ òmíràn, ó dà bíi pé wọ́n wó ilé baba wọn lójú wọn. Ọ̀rọ̀ náà di ti ẹ̀sìn, ó di ti òṣèlú. Ní 2020, ìjọba Gbóyèga Oyètọ́lá dá aṣọ àtijọ́ àti orúkọ àtijọ́ padà, àwọn òbí sì tún ní láti náwó lé òmíràn. Èyí tó dùn mí jù nìyẹn. Àwọn àgbà ń jà lórí ìrántí, àpò ìyá aláta ló ń sanwó rẹ̀.

Híjáàbù ńkọ́? Ṣé ilé-ìwé ìjọba lè ní kí ọmọbìnrin má wọ̀ ọ́?

Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà ti dáhùn, ó ní rárá. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó débẹ̀, ó sì yẹ ká mọ bó ṣe lọ, torí àròsọ ti pọ̀ lórí rẹ̀.

Èkó ni ẹjọ́ náà ti wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n má wọ híjáàbù mọ́ yunifọ́ọ̀mù ní ilé-ìwé ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sì pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2014, Adájọ́ Grace Onyeabo ti ilé-ẹjọ́ gíga Ìkẹjà gbè sẹ́yìn ìjọba. Ní oṣù Keje 2016, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ yẹn dànù. Ìjọba Èkó gbé e lọ sí Àbújá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jàre. Kudirat Kekere-Ekun, tó wá di adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa ní 2024, ló ka ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ tẹ̀lé. Orí ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn tó wà ní abala 38 ìwé òfin àti òfin tó ní kí wọ́n má ṣe ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, iná ti jó ní ibòmíràn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2016, Adájọ́ Jide Falola ní Òṣogbo ní àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba Ọ̀ṣun. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì kan gbé aṣọ akọrin àti sùtánà wọ̀ lọ sí Baptist High School ní Ìwó. Àwòrán wọn lọ káàkiri. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí àgbàlagbà ló wọ aṣọ yẹn fún wọn. Ní Ìlọrin ní 2021, ilé-ìwé mẹ́wàá tí ìjọ Kìrìsìtẹ́nì dá sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìjọba ń sanwó olùkọ́ wọn ni wọ́n tì nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Nígbà tí ìjọba Kwara fọwọ́ sí híjáàbù tó sì ní kí wọ́n ṣí wọn, òkò fò lẹ́nu géètì.

Gbogbo ìjà wọ̀nyí ní gbòǹgbò kan tí a kì í fẹ́ dárúkọ: ta ló ni ilé-ìwé? Ìjọ ní àwọn ló kọ́ ọ, ìjọba ní òun ló ń sanwó rẹ̀. Ìborí ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n ń gbé e gbà.

Ẹ kíyè sí i pé orí ilé-ìwé ìjọba ni ẹjọ́ Èkó dá lé. Ilé-ìwé aládàáni tí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìlànà rẹ̀ kí ọmọ tó wọlé, ọ̀ràn tirẹ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ní ilé-ìwé ìjọba, ohun tí mo rí tó ń mú àlàáfíà wá ni kí híjáàbù jẹ́ àwọ̀ kan náà pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù, kí ó mọ ní àyà kí báàjì lè hàn, kí olùkọ́ má sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tó fi wọ̀ ọ́ tàbí ìdí tí kò fi wọ̀ ọ́.

Bí wọ́n bá gba híjáàbù, ṣé wọ́n á gba ti oníṣẹ̀ṣe náà?

Ìbéèrè gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìdájọ́ 2022, agbẹjọ́rò kan wọ aṣọ oníṣẹ̀ṣe lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ náà láti fi dán wọn wò. Àwọn adájọ́ ló lọ dán wò, kò sí ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ dàda ní tirẹ̀ wà ní kíláàsì lóòótọ́. Irun tó bá a wáyé ni, ilé rẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn án láìṣe ètò. Ní Gánà, ilé-ìwé Achimota kọ̀ láti gba àwọn ọmọ ẹlẹ́sìn Rásítà méjì wọlé ní 2021 nítorí irun wọn. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Àkírà ní kí wọ́n gbà wọ́n, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Abala 38 tí wọ́n fi dá ẹjọ́ híjáàbù kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan. N kò rí ìdí tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ ọmọ oníṣẹ̀ṣe, tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, fi yẹ kó di ìjà.

Irun ọmọbìnrin náà ńkọ́? Ṣé ara yunifọ́ọ̀mù ni?

Lọ́dọ̀ wa, ó ti di ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ní àtẹ irun: ọ̀sẹ̀ yìí ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pátẹ́wọ́, ìkẹta ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí gbogbo wọn gé e mọ́lẹ̀. Àtẹ náà kò burú, ó tilẹ̀ ń jẹ́ kí irun dídì wa má parẹ́, àmọ́ owó onídìrí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ìyá tó mọ irun dì kò ní mọ̀ ọ́n lára, ìyá tí kò mọ̀ ọ́n dì ló máa sanwó.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń bá pàdé: irun dídì gan-an ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jẹ wọ́n níyà. Ní oṣù Kẹwàá 2022, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìdọ́gba níbẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ilé-ìwé pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa rú òfin bí wọ́n bá ń dá ọmọ dúró nítorí irun àdámọ́ rẹ̀.

Ṣé yunifọ́ọ̀mù ń dáàbò bo ọmọ?

Ó ń ṣe é, kì í sì í ṣe é. Bí ọmọ bá ń rìn gbéregbère ní aago mẹ́wàá àárọ̀, àgbàlagbà tó bá rí aṣọ lọ́rùn rẹ̀ á bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ilé-ìwé méjì, aṣọ yẹn kan náà ni wọ́n á fi dá a mọ̀. Àwọn ọmọ náà sì gbọ́n: t-ṣẹ́ẹ̀tì wà nínú báàgì.

Kí ni àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń ṣe?

Ẹ lọ sí Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ó rí i pé kákí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba wọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kákí yẹn náà ló wà ní Kutọnu. Ọjà gbogbo ló ń tà á, télọ̀ gbogbo ló mọ̀ ọ́n rán. Kò wu ojú tó ti ilé-ìwé wa, èmi ò ní purọ́. Àmọ́ kò sí ilé-ìwé tó lè so òbí mọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ní kí n yan nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa, èyí ni màá mú.

Báwo ni mo ṣe lè dín owó rẹ̀ kù?

Ẹ má dúró de oṣù Kẹsàn-án. Inú oṣù Keje ni kí ẹ ti rí télọ̀, nígbà tí àyè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ìbáà ṣe Gbági n'Íbàdàn tàbí ọjà àdúgbò, ẹ gé ègé kékeré lára aṣọ àtijọ́ dání, kí ẹ sì gbé e jáde sójú oòrùn kí ẹ tó fi wé tuntun. Iná ṣọ́ọ̀bù máa ń tanni. Bó bá jẹ́ kákí tàbí òwú, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí télọ̀ tó gé e, torí ó máa sún kì.

Ẹ ní kí télọ̀ fi ínǹṣì mẹ́ta sílẹ̀ nínú ìṣẹ́tí, kí ó má gé ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ òwú, kí ó sì lẹ aṣọ mọ́ ìdí ṣòkòtò àwọn ọkùnrin láti inú, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń já. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó tú ìṣẹ́tí náà sílẹ̀. Ìlà kan á hàn níbi tó ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ kò rí oòrùn. Télọ̀ tó mọṣẹ́ á fi òwú rin ìlà méjì lé e lórí bíi pé ó ṣe é ṣẹ̀ṣọ́ ni. Mo mọ télọ̀ kan tí àwọn ọmọbìnrin ń bẹ̀ pé kó rin irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí aṣọ tuntun wọn.

Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ náà lè gbé àpótí kan kalẹ̀ fún aṣọ tó ti kéré sí àwọn ọmọ. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì pe orúkọ ẹni tó gbà á.

Ọmọ mi ń parí WAEC. Ó ní àwọn máa fi máákà kọ̀wé sára ṣẹ́ẹ̀tì ara wọn. Ṣé kí n gbà?

Ẹ gbà. Àwọn ilé-ìwé kan kò fẹ́ ẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Yunifọ́ọ̀mù tó ti ń kùn sí láti ọdún mẹ́fà, òun náà ni kò ní jẹ́ kí ẹ fi nu ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá máa ṣe NECO, ẹ fún un ní èyí tó ti gbó, kí ẹ sì tọ́jú èyí tó ṣì dára. Yunifọ́ọ̀mù yẹn náà ni wọ́n máa ní kó wọ̀ wá ṣèdánwò.